Láti Ìdí Ọpọ́n Ayò dé Ilé Ìwòran Bọ́ọ̀lù: Ìtàn Ibi Ìgbafẹ́ ní Ìlú Yorùbá

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí tọpasẹ̀ ìtàn àwọn ibi tí àwọn ènìyàn ti ń jẹ, tí wọ́n ti ń mu, tí wọ́n sì ti ń wo eré papọ̀ ní àwọn ìlú Yorùbá, láti ìdí ọpọ́n ayò àti ìsọ̀ ẹmu títí dé ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ti òde òní. Ohun méjì ni ó fẹ́ fi hàn. Èkíní ni pé ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kì í ṣe àjèjì tó bí ojú ṣe rí i, nítorí pé èdè àti ìṣe òǹwòran inú rẹ̀ ti wà ní ìdí ọpọ́n kí tẹlifíṣọ̀n tó dé. Èkejì ni pé ohun tí ó yí padà ní tòótọ́ ni ipò òǹwòran. Ẹni tí ó ń jókòó gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tí ń ya ìjókòó lò fún wákàtí méjì.

Ìfáárà

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo tàbí Èkó, pátákó dúdú kan a máa wà lẹ́bàá ọ̀nà. A ó ti fi ẹfun kọ orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjì méjì sí i, pẹ̀lú aago tí eré yóò bẹ̀rẹ̀ àti iye tí ẹni tí ó fẹ́ wòran yóò san. Lẹ́yìn pátákó náà ni gbọ̀ngàn wà: bẹ́ǹṣì onípákó tí a tò bí ti ilé ẹ̀kọ́, tẹlifíṣọ̀n ńlá méjì tàbí mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ tí ń kùn lẹ́yìnkùlé, àti obìnrin tí ń ta mínírà, ọtí tútù àti omi inú ọ̀rá. Bí ilé náà bá jẹ́ ti olówó, ẹ̀rọ amúlétutù yóò wà níbẹ̀. Tábìlì sínúkà yóò wà ní igun kan, àwọn ọ̀dọ́ yóò máa ta géèmù ní igun kejì, ọbẹ̀ ata ẹja àrọ àti asun yóò sì máa jáde láti ilé ìdáná.

Ó rọrùn láti ka irú ibi báyìí sí ohun tí a kó wá láti òkè òkun ní odidi. Òyìnbó ni ó ni eré náà, òyìnbó ni ó ni ẹ̀rọ náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tí ń ṣàlàyé eré lórí ẹ̀rọ sì ń sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi etí sí ohun tí àwọn tí ó jókòó ń sọ, tí a sì wo bí wọ́n ṣe ń jókòó, ìtàn mìíràn ni yóò hàn. Ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wáyà sátẹ́láìtì ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí Ọpọ́n àti Ìsọ̀ Ẹmu

Ọpọ́n ayò ní ihò méjìlá, mẹ́fà mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ni a ń kó sí ihò kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ 48. Ènìyàn méjì péré ni ó ń ta á, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí a bá ènìyàn méjì péré ní ìdí ọpọ́n. Àwọn òǹwòran ni wọ́n ń sọ ibẹ̀ di àwùjọ. Wọ́n ń fi ojú ka ọmọ inú ihò, wọ́n ń gbè sẹ́yìn ẹni tí wọ́n fẹ́, wọ́n ń dá àbá tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, wọ́n sì ń fi ẹni tí ó fìdí rẹmi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀ta ni orúkọ ẹni tí ó mọ ayò í ta. Òpè ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ méjèèjì yìí kì í ṣe oyè tí ọba ń fi jẹ ni. Ẹnu òǹwòran ni ó ti ń jáde, ẹnu òǹwòran náà ni ó sì lè gbà á padà bí ọ̀la bá dé.

Ibi tí ọpọ́n bá wà, ohun mímu kì í jìnnà. Ẹmu àti ògùrọ̀ ni a mọ̀ jù, ṣùgbọ́n ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí a fi àgbàdo pọn àti ọtí bàbà náà ní àwọn tí ó fẹ́ràn wọn. Ìwà ẹmu fúnra rẹ̀ ni ó pinnu bí ìsọ̀ ṣe rí. Ẹmu kì í dúró. Èyí tí a dá ní òwúrọ̀ dùn. Bí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, ó ti ń kan, ó sì ti ń le. Nítorí náà, ìsọ̀ ẹmu kò lè jìnnà sí igi tí a ti dá a, ẹni tí ń tà á kò sì lè tọ́jú ọjà rẹ̀ de ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Àwọn tí ó wà nítòsí ni oníbàárà rẹ̀, lónìí náà ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ mu ún. Ìsọ̀ ẹmu jẹ́ ti àdúgbò nítorí pé ẹmu kò gbà kí ó jẹ́ ti ibòmíràn.

Owó ẹmu inú ahá ni a ń san níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ń san owó ìjókòó, kò sì sí ẹni tí ń san owó ìwòran. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ lè dúró ní ìdí ọpọ́n títí wọn yóò fi kó ọmọ ayò nílẹ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé ibẹ̀ gba gbogbo ènìyàn bákan náà. Ọkùnrin ni ó pọ̀ jù ní ìdí ọpọ́n. Àgbà a máa jókòó, ọmọdé a sì máa dúró lẹ́yìn, kí ó máa fi ojú kọ́ ohun tí a kò fi ẹnu kọ́ ọ. Àwọn obìnrin wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni ó gbé ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀: àwọn ni ó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, tí ó ń dín àkàrà, tí ó sì ń gba owó. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ènìyàn àti ènìyàn níbẹ̀ jẹ́ ti ọjọ́ orí àti ti akọ tàbí abo. Ti owó ẹnu ọ̀nà kò tíì dé.

Ìgò àti Páálọ̀

Ìjọba amúnisìn mú òfin wọ ọ̀ràn ọtí. Ní ọdún 1919, àdéhùn tí àwọn ìjọba tí ó ní ìletò ní Áfíríkà fọwọ́ sí ní Saint-Germain-en-Laye fi òfin de ọtí líle olówó pọ́ọ́kú tí àwọn oníṣòwò ń kó wọ ilẹ̀ wa. Nígbà tí ó fi máa di àwọn ọdún 1930, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti mọ bí a ṣe ń se ògógóró láti ara ẹmu. Ìjọba kà á sí ọtí tí òfin kò gbà, àwọn ọlọ́pàá sì ń wá àwọn tí ń sè é kiri. Bí ibi ìmutí kan ṣe di ohun tí a ń fi pamọ́ nìyẹn, nígbà tí òmíràn ń gba ìwé àṣẹ, tí ó sì ń gbé pátákó sí ojú títì.

Èyí tí ó ń gbé pátákó náà rí okun nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í pọn bíà nílé. Ọdún 1946 ni a dá ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ lónìí sí Nigerian Breweries sílẹ̀, ní oṣù kẹfà ọdún 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ sì jáde láti ilé ìpọntí rẹ̀ ní Igánmù ní Èkó. Ní ọdún 1962, Guinness ṣí tirẹ̀ ní Ìkẹjà. Ìgò yàtọ̀ sí agbè. Bíà inú ìgò lè dúró fún oṣù púpọ̀, ó lè wọ ọkọ̀ ojú irin, adùn rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan náà ní Èkó àti ní Ìlọrin. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó ń béèrè: ó fẹ́ kí a mu òun ní tútù. Ibi tí iná mànàmáná bá dé ni fíríìjì lè dé, ibi tí fíríìjì bá dé ni ilé ọtí tuntun ti ń rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Àkókò pẹ̀lú yí padà. Ìsọ̀ ẹmu a máa kún ní ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́. Ilé ọtí oníbíà a máa kún lẹ́yìn iṣẹ́ ọ́fíìsì, lábẹ́ gílóòbù.

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, páálọ̀ iwájú ilé ẹnì kan ni ilé ọtí náà ń jẹ́, ìdí nìyí tí orúkọ náà fi mọ́ ọn. A kò gbọ́dọ̀ fojú kéré ohun tí ó ti inú páálọ̀ wọ̀nyí jáde. Ní àwọn ọdún 1930, ní Olówógbowó ní Èkó, láàárín àwọn ọ̀rẹ́ tí ń mu tí wọ́n sì ń ṣeré, ni Túndé King ti mú orin jùjú dúró. Ní Òṣogbo, ilé ọtí Dúró Ládiípọ̀, tí ń jẹ́ Popular Bar, ni a sọ di Mbárí Mbáyọ̀ ní ọdún 1962, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier. Mbari jẹ́ ọ̀rọ̀ Igbo tí ẹgbẹ́ àwọn òṣèré àti òǹkọ̀wé ní Ìbàdàn ti ń jẹ́ láti ọdún 1961. Etí Yorùbá ni ó gbọ́ ọ bí ìgbà tí ènìyàn bá sọ pé bí òun bá rí i, òun yóò yọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ará Òṣogbo ti kọ́kọ́ wo Ọba Kò So. Ilé tí a kọ́ fún ọtí títà di gbọ̀ngàn eré àti ilé àwòrán, nítorí pé ohun tí ó pọn dandan fún eré ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: àwọn ènìyàn tí ó ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni a ń péjọ sí.

Etí àti Ojú

Bọ́ọ̀lù gba etí wọ ilé ọtí kí ó tó gba ojú wọ̀ ọ́. Ọdún 1935 ni iṣẹ́ rédíò oníwáyà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ó sì tàn dé àwọn ìlú mìíràn lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tí ìjọba ìbílẹ̀ dá sílẹ̀. Ní ìlú kan náà ni pápá ìṣeré Liberty wà, níbi tí Dick Tiger ti na Gene Fullmer ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963 nínú ìjà ìdíje àgbáyé.

Tẹlifíṣọ̀n kò pọ̀ nígbà náà. Ẹni tí ó bá ní ọ̀kan ní àdúgbò kò dá a wò: àwọn ọmọdé a jókòó sílẹ̀, àwọn àgbà a gba àga, àwọn tí kò ráyè wọlé a fi ojú fèrèsé ṣe ẹnu ọ̀nà. Ìlànà ìdí ọpọ́n ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Onílé ni ó ni ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò lè gba owó lọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò kí ojú má tì í. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe wo ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà fi àmì ayò mẹ́ta sí òdo na Àljíríà ní Sùúrùlérè ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ méjì nínú rẹ̀, Mudá Lawal sì jẹ ẹ̀kẹta. Agbábọ́ọ̀lù IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn ni àwọn méjèèjì, ẹgbẹ́ tí ó ti kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà fún Nàìjíríà ní ọdún 1976. Àwọn tí òǹwòran ń yẹ́ sí lójú ẹ̀rọ jẹ́ àwọn tí ó lè pàdé ní Ìbàdàn.

Sátẹ́láìtì àti Owó Ẹnu Ọ̀nà

Ọdún 1992 ṣe pàtàkì fún ìdí méjì tí kò mọ ara wọn. Ní Nàìjíríà, Òfin 38 ti ọdún náà dá àjọ NBC sílẹ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ aládàáni. Ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá líìgì Premier League sílẹ̀, líìgì tí ó fi títa ẹ̀tọ́ ìwòran ṣe orísun owó rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1990, MultiChoice mú sátẹ́láìtì wọ ilé àwọn tí agbára wọn ká a. Nígbà tí Kánú Nwankwo lọ sí Arsenal ní ọdún 1999, tí Jay-Jay Okocha sì lọ sí Bolton ní ọdún 2002, ọ̀pọ̀ ènìyàn rí ìdí tí líìgì òkèèrè fi lè jẹ́ tiwọn.

Ṣùgbọ́n owó dékódà, owó díìṣì àti owó oṣooṣù ju agbára òṣìṣẹ́ lọ. Ibí ni ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní fíwìn sẹ́ńtà, ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro: ẹnì kan san owó oṣù kan, ó pín in sí orí ìjókòó àti orí eré, ó fi owó epo jẹnẹrétọ̀ kún un. Ọwọ́ rẹ̀ kò sí lórí ohun tí ó ń tà. Nígbà tí HiTV gba ẹ̀tọ́ láti ṣàfihàn líìgì Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2007, onílé ìwòran ní láti ra dékódà tuntun kí àwọn oníbàárà rẹ̀ má bàa sá lọ. Nígbà tí ẹ̀tọ́ náà padà sọ́wọ́ MultiChoice ní ọdún 2010, dékódà yẹn di ẹrù. Ọjà ẹlẹ́mu máa ń kan nítorí oòrùn. Ọjà onílé ìwòran lè kan nítorí ìwé àdéhùn tí a fọwọ́ sí ní Lọ́ńdọ̀nù.

Síbẹ̀, èdè ìdí ọpọ́n kò kú. Bí ẹgbẹ́ kan bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ayò ni Yorùbá ń sọ pé ó jẹ. Iye rẹ̀ ni àmì ayò. Bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá sì jẹ iye kan náà, wọ́n ta ọ̀mì. Ìdí ọpọ́n ni a ti mú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wá sí ojú pápá, a sì mú ìṣe tí ó bá wọn rìn wá pẹ̀lú. Ẹni tí ń ṣàlàyé lórí ẹ̀rọ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran ti ń bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá: wọ́n ń dá àbá fún akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kò lè gbọ́ wọn, wọ́n sì ń pe agbábọ́ọ̀lù tí ó ṣi ìta ní òpè. Àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ọ̀rọ̀ náà wà fún.

Tẹ́tẹ́

Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà, ta, ni Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀ nípa ayò àti nípa tẹ́tẹ́. Ìtàn ti fi hàn pé àwọn méjèèjì kì í gbé ibi tí ó jìnnà sí ara wọn. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni àwọn ènìyàn ti ń ta púùlù lórí eré ìdíje Ìlú Gẹ̀ẹ́sì àti ti Ọsirélíà, tí wọ́n ń ka orúkọ ẹgbẹ́ tí wọn kò rí rí lórí ìwé pẹlẹbẹ. Íntánẹ́ẹ̀tì ni ó so tẹ́tẹ́ mọ́ ilé ìwòran tímọ́tímọ́. Nairabet dé ní ọdún 2009, Bet9ja ní ọdún 2013, ìsọ̀ tẹ́tẹ́ sì di aládùúgbò ilé ìwòran, tàbí kí ó wà lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Òfin fúnra rẹ̀ ṣì ń wá ibi tí yóò jókòó sí: ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé Òfin Lọ́tìrì ti ọdún 2005, ó ní ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ni àṣẹ lórí ọ̀ràn náà.

Ohun tí tẹ́tẹ́ yí padà nínú ìwòran kò kéré. Ẹni tí ń ta ayò ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta á, ẹni tí ń wò ó sì ń dájọ́ ọgbọ́n. Ẹni tí ó ta tẹ́tẹ́ ń dúró de ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Bí ìwé tẹ́tẹ́ bá wà lápò rẹ̀, kò lè yin ọ̀ta tí ó wà ní apá kejì, nítorí pé ọgbọ́n ẹni yẹn ni àdánù tirẹ̀. Ìjiyàn tí ó jẹ́ oúnjẹ ìdí ọpọ́n di ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ní ìṣẹ́jú tí ó kẹ́yìn, nígbà tí oníkálukú ń ṣírò.

Ta Ni Ó Jókòó?

Owó ti bá ọjọ́ orí pín ipò báyìí. Nínú ilé ìwòran onípákó, ọmọ ogún ọdún tí ó san owó rẹ̀ kò ní dìde fún àgbà tí ó pẹ́ dé. Ní ilé ìgbafẹ́ ńlá, a kì í gba owó ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n owó náà ti wà nínú ọtí: ìgò kan náà tí a ń tà ní páálọ̀ àdúgbò gbówó lórí gidi níbẹ̀, ẹni tí kò bá sì ra nǹkan yóò mọ̀ láìpẹ́ pé wọ́n ti rí òun. Apá kan wà tí àyè ti gbòòrò sí i. Àwọn obìnrin ń wọ ilé ìgbafẹ́ ńlá gẹ́gẹ́ bí òǹwòran, pẹ̀lú jẹ́ẹ̀sì ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn, wọn kì í sì í ṣe olùtajà nìkan mọ́. Bákan náà, àwọn ilé ìwòran tí kò ta ọtí fún àwọn Mùsùlùmí àti Kristẹni tí kò fẹ́ jókòó níbi tí ọtí wà láàyè láti pàdé.

Ẹni tí ó pàdánù jù ni ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ní ìdí ọpọ́n, ó lè dúró. Ní ojú fèrèsé aládùúgbò, ó lè yọjú. Ilé ìwòran ni ó kọ́kọ́ sọ fún un pé ìwòran jẹ́ ohun tí a ń rà. Pápá ìṣeré ìlú náà pàdánù: ní ọ̀sán Sátidé tí àwọn ènìyàn kún inú gbọ̀ngàn láti wo Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester, àga òfìfo ni ó pọ̀ jù níbi tí àwọn ọmọ ìlú ti ń gbá bọ́ọ̀lù tiwọn.

Àgbálọgbábọ̀

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù jẹ́ ọmọ ìyá méjì. Ọ̀kan ni ọjà àgbáyé tí ń ta àwòrán. Èkejì ni ìdí ọpọ́n, níbi tí òǹwòran ti jẹ́ adájọ́, olùkọ́ àti apanilẹ́rìn-ín. Èdè rẹ̀ ni ó ń jẹ́rìí sí ìyá kejì yìí, ìyẹn ló sì fi yẹ kí àwọn onímọ̀ èdè àti ìtàn Yorùbá ka ibẹ̀ sí pápá ìwádìí, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé nìkan. Ẹ̀rí ibẹ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀. Pátákó ẹnu ọ̀nà ni àkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹfun ni a fi ń kọ ọ́, bí ilẹ̀ ọ̀la bá sì mọ́, wọn yóò fi àkísà nù ún kí wọ́n lè kọ eré mìíràn. Iye tí wọ́n ń gbà ní ọdún kọ̀ọ̀kan, orúkọ tí wọ́n ń pe agbábọ́ọ̀lù, àpárá tí wọ́n ń dá ní ọjọ́ tí wọ́n bá ta ọ̀mì: ẹnu àwọn tí ó jókòó níbẹ̀ nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn tí ó kọ́kọ́ san owó ẹnu ọ̀nà ní àwọn ọdún 1990 ti ń dàgbà, àwọn tí ó wòran lójú fèrèsé ní ọdún 1980 sì ti di arúgbó. Àsìkò tó láti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn.